Ó Le Kú Nínú Ìwé àti Nínú Fíìmù

Ọdún 1974 ni ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ó Le Kú, jáde. Ọdún 1997 ni Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù. Nínú ìwé, asọ̀tàn ló ń ṣí ọkàn Àjàní payá fún wa; nínú fíìmù, ojú àti ohùn òṣèré, Yẹmí Ṣódìímú, ni a fi ń mòye rẹ̀. Àdánù gbáà nìyẹn lójú tiwa. Ṣùgbọ́n ìró péńpé àti bùbá tí fíìmù náà gbé jáde gba ìgboro kan, a sì ń pè é ní òlekú títí dòní. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìwé fi wà nílẹ̀ láìṣe èyí! Akẹ́kọ̀ọ́ Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà tó wo fíìmù láìka ìwé lè ṣàlàyé ìmúra wọn yékéyéké. Bí ìdánwò bá wá béèrè ọgbọ́n ìsọ̀tàn ńkọ́?