Ẹ̀rí àti Olùwádìí: Àyẹ̀wò Social Diagnosis ti Mary Richmond gẹ́gẹ́ bí Ìwé Ìkọ́ṣẹ́

Ní ọdún 1915, Abraham Flexner, ẹni tí àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 1910 yí ètò ẹ̀kọ́ ìṣègùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà padà, bá àpérò àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ará ìlú sọ̀rọ̀ ní Baltimore. Ó ní iṣẹ́ wọn kò tíì di iṣẹ́ àkọ́mọ̀ọ́ṣe bíi ti dókítà tàbí ti lọ́yà: alárinà ni wọ́n, tí ń pe onímọ̀ mìíràn sí ọ̀ràn, wọn kò sì ní ọgbọ́n iṣẹ́ tí ó jẹ́ tiwọn gan-an, tí olùkọ́ lè fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Flexner fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìwọ̀nba ni ohun tí òun mọ̀ nípa iṣẹ́ náà. Àwọn tí ń tọ́ka sí ìdájọ́ rẹ̀ kì í sábà rántí ìjẹ́wọ́ yìí.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Social Diagnosis jáde. Kò tọ̀nà láti kà á sí èsì sí Flexner nìkan, nítorí nǹkan bí ọdún 15 ni Mary Richmond ti fi ń kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jọ, láti 1897 ni ó sì ti ń béèrè pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Òun tìkára rẹ̀ kò lọ sí yunifásítì.

Apá kìn-ín-ní, tí ó dá lórí ẹ̀rí, ni ó gbé ìwé náà ró. Ọ̀dọ̀ àwọn amòfin ni Richmond ti yá ìmọ̀ yìí: ohun tí ẹlẹ́rìí fi ojú ara rẹ̀ rí yàtọ̀ sí ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, méjèèjì sì yàtọ̀ sí àmì tí ó kàn ń tọ́ka sí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀. Apá kejì mú akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹbí, dókítà, olùkọ́, agbanisíṣẹ́ àti aládùúgbò. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Richmond fi sùúrù kọ́ òṣìṣẹ́ bí kò ṣe ní di irú àgbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ní iye tí ó ń ná ẹni tí wọ́n ń wádìí. Bí opó kan bá wá tọrọ ìrànlọ́wọ́, tí òṣìṣẹ́ sì lọ bá ọ̀gá rẹ̀ àti olùkọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ti mọ̀ pé kò rí jẹ kí oúnjẹ tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ìwé náà wọn èrè ìwádìí fún òṣìṣẹ́ ju bí ó ti wọn ìtìjú yìí lọ. Àwọn ìwé ìbéèrè tí ó wà ní apá kẹta, lórí opó, afọ́jú, ará ilẹ̀ òkèèrè àti àwọn mìíràn, tún dá kún un. Richmond kìlọ̀ pé wọn kì í ṣe ohun tí òṣìṣẹ́ yóò máa kà sí etí ènìyàn, ṣùgbọ́n ìwé ìbéèrè rọrùn láti kọ́ni ju ìkìlọ̀ lọ.

Orí 28, tí ó kẹ́yìn, ni ìbéèrè ti yí padà sí òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá tí ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀. Lónìí, wákàtí 900 ó kéré tán ni akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ láàrin àwọn ènìyàn lábẹ́ àmójútó. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ka Richmond, orí 28 yìí ni kí ó kọ́kọ́ fún un.