Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà: Iyèméjì Aya sí Ìtàn Ogun Ọkọ Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti lò fún ìtàn ogun, nítorí pé olùgbọ́ kò ní ọ̀nà tí yóò fi fojú ba ohun tí ó ti kọjá. Nínú gbogbo olùgbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀, aya ni ọ̀ràn náà kàn jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ ti bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀ kí ó tó gbé e níyàwó. Ohun tí aya bá nílé kò ju ìtàn lọ, bóyá pẹ̀lú àpá kan lára ọkọ àti fọ́tò kan lára ògiri.

Ní Fádèyí, lẹ́bàá títì Ìkòròdú, yàrá kọjú sí yàrá ni ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́. Ohun tí ọkọ bá ń sọ fún àlejò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni aya ń gbọ́ níbi tí ó ti ń dáná. Àlejò gbọ́ ìtàn náà lẹ́ẹ̀kan, aya gbọ́ ọ nígbà ogún. Kí a fi irú aya bẹ́ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí ó bá di ìgbà kọkànlélógún, tí ó wá ní, “Bàbá wa, lọ́jọ́ tí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́, ẹ ní inú odò ni ìbọn ti bá yín, ó ṣe wá di orí òkè lónìí?”, ọkọ lè bínú, kí àlejò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè lámèyítọ́ ni obìnrin náà béèrè.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iyèméjì aya kì í ṣe àìmọ̀wọ̀fọ́kọ. Ọ̀nà kan tí a fi ń wọn ìtàn ni. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé iyèméjì náà kì í sábà bọ́ sí ibi tí ó yẹ: ó máa ń fi ojú fo ìfọ́nnu, ó sì máa ń fura sí òótọ́ tí kò ní ọ̀ṣọ́. Ìwé mẹ́ta tí àwọn ọmọ Nàìjíríà kọ ni a ó fi yẹ èrò yìí wò: Sozaboy (1985) ti Ken Saro-Wiwa, A Stroke of Unbelievable Luck (1999) ti Isaac Fadoyebo, àti Burma Boy (2007) ti Bíyì Bándélé.

Ohun Tí Ó Ń Fa Iyèméjì

Iyèméjì náà ní ìdí. Yàtọ̀ sí oṣù díẹ̀ ní 1993, àwọn ológun ni ó ṣe ìjọba Nàìjíríà láti 1966 sí 1979 àti láti ìparí 1983 sí 1999. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, aṣọ ológun di ohun tí ń la ọ̀nà fún ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Nínú dáńfó Èkó, ẹni tí ó bá dá kọ̀ńdọ́ lóhùn pé “stáàfù” ti sọ pé òun kò ní san owó ọkọ̀, kọ̀ńdọ́ kì í sì í sábà béèrè káàdì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo bá ti lè ra irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, kò lè ṣàìsí ẹni tí yóò purọ́ pé òun ti jẹ́ ológun rí. Aya tí ó fura kò ṣẹ̀dá ìfura náà fúnra rẹ̀. Àwùjọ ni ó kọ́ ọ.

Ìdí kejì wà nínú lítíréṣọ̀ alohùn. Oríkì àwọn jagunjagun Ìbàdàn, bí Ìbíkúnlẹ̀ àti Ògúnmọ́lá, kì í ṣe ibi tí a ti ń ka iye ọjọ́ tí ebi pa ènìyàn lójú ogun. Àsọdùn ni òpó tí ó gbé oríkì ogun ró. Olùgbọ́ mọ̀ ọ́n sí ẹwà èdè, kò sì pè é ní irọ́. Etí tí oríkì ti tọ́ dàgbà yóò máa retí pé kí jagunjagun pa, kí ó sì ṣẹ́gun. Bí ọkùnrin kan bá wá sọ pé òun sá, tàbí pé òun sunkún, irú etí bẹ́ẹ̀ lè rò pé kò dé ojú ogun rárá. Ibí yìí ni ìwọ̀n ti kọ́kọ́ ń yẹ̀.

Zaza àti Orúkọ Hitler

Nínú Sozaboy, àgbàlagbà kan wà ní abúlé Dukana tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Zaza. Ó máa ń fọ́nnu fún àwọn ará abúlé nípa ogun tí ó bá Hitler jà ní Bọ́má. Òǹkàwé tí ó mọ ìtàn yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé àwọn ọmọ ogun Japan ni àwọn ọmọ Áfíríkà bá jà ní Bọ́má. Hitler kò dé ibẹ̀. Ó rọrùn láti pinnu lójú ẹsẹ̀ pé òpùrọ́ ni Zaza.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn ń kó ọmọ ogun jọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ Hitler ni wọ́n ń pariwo fún àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ọ̀tá tí wọ́n fẹ́ lọ bá jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó gbọ́ orúkọ náà kí ó tó wọkọ̀ ojú omi lè gbé e dé Bọ́má, kí ó sì gbé e padà wálé. Nítorí náà, àṣìṣe Zaza kò tó ẹ̀rí pé kò lọ. Ohun tí ó yẹ kí a fura sí nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ìgbà gbogbo ni ó ń gbé e ga. Kò sí ibi tí ó ti dín ọlá rẹ̀ kù.

Mene, ọ̀dọ́ tí ó ń sọ ìtàn inú ìwé náà, ni ó san gbèsè ìfọ́nnu yìí. Agnes, tí ó fẹ́ níyàwó, ti jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọkùnrin tí ó lè gbèjà òun ni òun fẹ́, Mene sì wọṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó padà sí Dukana, bọ́ǹbù ti pa ìyá rẹ̀ àti Agnes. Àwọn ará abúlé ní òkú ni, iwin rẹ̀ sì ni ó ń kó àrùn bá wọn. Ẹni tí ìtàn náà tọ́ sí jù ti lọ, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò gbà á gbọ́. Saro-Wiwa fi hàn pé ìfọ́nnu rí olùgbọ́ ní Dukana, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò rí ẹnìkan.

Fadoyebo: Ìtàn Tí Kò Gbé Olùsọ Rẹ̀ Ga

Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùré-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 16. Ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ọmọ ogun Japan yìnbọn lù wọ́n lẹ́bàá odò Kaladan ní Bọ́má. Ọta ìbọn ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó wà nínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìlà àwọn ọ̀tá. Ará abúlé kan, Mùsùlùmí tí ń jẹ́ Shuyiman, ni ó ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu láti bọ́ wọn.

Bí a bá fi ìwọ̀n oríkì wọn ìtàn yìí, kò ní tẹ̀wọ̀n. Olùsọtàn kò pa ẹnikẹ́ni. Ó dùbúlẹ̀, ebi pa á, ó jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Oríire ni ó fi ṣe àkọlé ìwé rẹ̀, kì í ṣe akọni. Ẹlòmíràn sì ni akọni inú ìtàn náà. Ibí yìí gan-an ni agbára rẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: òpùrọ́ kì í sábà ná irọ́ rẹ̀ lórí ìtìjú ara rẹ̀, kì í sì í fi ìyìn jíǹkí ẹni tí olùgbọ́ kò mọ̀.

A lè jiyàn pé òpùrọ́ tí ó gbọ́n lè fi ìrẹ̀lẹ̀ bo irọ́ mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀rí inú ìtàn fi nílò ẹ̀rí ìta. Ní 2011, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips mú lẹ́tà Fadoyebo lọ sí Bọ́má, ó sì rí ẹbí Shuyiman. Shuyiman ti kú, ṣùgbọ́n ìtàn náà wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Al Jazeera gbé fíìmù rẹ̀ jáde lọ́dún náà, Phillips sì kọ ọ́ sínú Another Man's War ní 2014. Fadoyebo kú ní 2012. Ọdún 67 ni ó wà láàárín ìgbà tí wọ́n gbà á là ní ìparí 1944 àti ìgbà tí ẹlẹ́rìí kejì sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ aya kò ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Láti Fádèyí Dé Myoung

Bárékè kan wà ní Yábàá, kò jìnnà sí Fádèyí, tí ń jẹ́ Myoung. Orúkọ náà wá láti Myohaung, ìlú kan ní Arakan tí àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà ní oṣù Kìíní 1945. Bákan náà ni Dodan ní Ìkòyí àti Arakan ní Àpápá. Èrò ọkọ̀ ń pe orúkọ wọ̀nyí lójoojúmọ́, láìmọ̀ pé ojú ogun ni wọ́n ń dárúkọ.

Fún aya tí ó ń ṣe iyèméjì, orúkọ yìí ń gé bí idà olójú méjì. Bí ọkọ bá ní òun dé Myohaung, orúkọ náà bá ìtàn mu. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba Yábàá kọjá lè kà á lẹ́nu ọ̀nà bárékè. Orúkọ ibi nìkan kò lè dá olùsọtàn láre. Ohun tí kò sí lẹ́nu ọ̀nà bárékè ni kí aya béèrè. Dìfíṣọ̀n 81 fi ọwọ́ la ọ̀nà tó 75 máìlì wọ àfonífojì Kaladan. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù, ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ó lọ yóò rántí àárù tí ó ru àti ọjọ́ tí oúnjẹ já sí ọwọ́ ọ̀tá ju ìyá ìjà lọ.

Èyí náà ni ó dáhùn ìbéèrè odò àti òkè. Kaladan jẹ́ odò tí òkè yí ká. Ènìyàn lè fara gba ìbọn níbi méjèèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn mọ̀ pé ìtàn kì í jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀nà kan náà. Ìyípadà nínú ìtò kò burú. Èyí tí ó yẹ kí ó kọ aya lóminú ni bí ọ̀tá tí ọkọ pa bá ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, tí ẹ̀rù tí ó bà á sì ń dín kù.

Ọmọ Tí Ó Gbà Gbọ́

Bándélé gbọ́ ìtàn Bọ́má lẹ́nu bàbá rẹ̀ tí ó jà níbẹ̀. Kò kọ ọ́ bí ìtàn ìgbésí ayé. Ó sọ ọ́ di ìtàn àròsọ, ó sì fi ọ̀dọ́ aláròyé kan, Ali Banana, tí ó purọ́ ọjọ́ orí kí wọ́n lè gbà á sí iṣẹ́ ológun, ṣe olú ẹ̀dá ìtàn. Níparí, ogun kò fi ìfọ́nnu sílẹ̀ lára Banana. Ọmọ gba ìtàn náà, ó sì tún un dá. Aya kò ní òmìnira yẹn, nítorí òun ni yóò bá ẹni tí ó sọ ọ́ gbé títí alẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Lámèyítọ́ kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Bí ọ̀ràn bá di ti owó ìfẹ̀yìntì, nọ́ńbà iṣẹ́ àti ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ ni a ó béèrè lọ́wọ́ opó. Ṣùgbọ́n ṣíwájú ọjọ́ náà, òun ni yóò pinnu ohun tí yóò pa mọ́ àti èyí tí yóò gbá dànù. Aya tí kò gba ohunkóhun gbọ́ yóò fi ìwé dá iná; èyí tí ó gba gbogbo rẹ̀ yóò fi ìfọ́nnu lé ọmọ lọ́wọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a yẹ̀ wò. Èdè Yorùbá ni aya Fádèyí fi ń gbọ́ tirẹ̀. Àwọn tí ó jà ní Bọ́má ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé ti 1967 sí 1970 ṣì kù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó bá ECOMOG lọ sí Liberia láti 1990. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá gba ìtàn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ti aya mọ́ ọn: ibi tí ó ti fura, ibi tí ó ti gbà, àti ohun tí ó gbọ́ nígbà tí ọkọ ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ẹni tí ó gbọ́ ìtàn nígbà ogún mọ ohun tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ̀.