Èkó Lóru Nínú Fọ́tò

Fọ́tò kan náà ni àwọn ayafọ́tò wa ń yà nípa Èkó lóru, bí wọ́n tilẹ̀ pọ̀ tó. Ẹ ó rí i lára kálẹ́ńdà ilé ìfowópamọ́, ẹ ó rí i lára ògiri òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó rí i lẹ́yìn ìwé tí a fi ń pe àwọn olówó òkèèrè wá dókòwò. Àwọn ilé gogoro Màrínà a tò lọ bẹẹrẹ, ìmọ́lẹ̀ wọn a nà sílẹ̀ lórí ọ̀sà bí aṣọ òkè tí a tẹ́, ojú ọ̀run a sì dúdú bí aró. Kò ní sí ènìyàn kan nínú rẹ̀. Fọ́tò náà dára lójú, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ fi pa mọ́ kí ẹwà náà tó lè jáde, ohun náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ náà. Ojú ènìyàn lè wo iná kí ó tún wo òkùnkùn, nítorí pé bí ó ti ń lọ láti ibì kan sí ibòmíràn ni ó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Kámẹ́rà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n kan ni ó ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá ṣí ojú rẹ̀ pẹ́ kí ibi tó ṣókùnkùn lè hàn, iná títì yóò fọ́n ká, yóò di funfun báláú, yóò sì jẹ ohun tó yí i ká run. Nígbà tí ó jẹ́ fíìmù ni gbogbo ayé ń lò, ìmọ́lẹ̀ tó bá le a gba inú fíìmù kọjá, a kan ẹ̀yìn rẹ̀, a ta padà, òrùka a sì yí gílóòbù ká. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe fíìmù fi ń kun ẹ̀yìn rẹ̀ ní ohun tí ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tún ń ti ara dígí kan ta sí òmíràn nínú kámẹ́rà. Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì, ló wá ọ̀nà láti kun ojú dígí ní 1935 kí ìtapadà yìí lè dínkù. Ó dínkù, kò tán. Títí di òní, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò yọ dígí pẹlẹbẹ tó fi ń dáàbò bo ojú kámẹ́rà kúrò, nítorí pé dígí yẹn a máa bí iná méjì níbi tí ẹyọ kan wà. Bí ó bá sì mú kí ihò ojú kámẹ́rà kéré gan-an, iná kọ̀ọ̀kan yóò yọ ẹ̀ka bí ìràwọ̀. Àwọn abẹ tó yí ihò náà ká ló ń pinnu iye ẹ̀ka náà: abẹ mẹ́jọ a bí ẹ̀ka 8, abẹ méje a bí 14. Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń yin irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé Ẹlẹ́dàá ló gbé e kọ́. Abẹ ni.

Ní 1932, Berenice Abbott gun orí Empire State Building ní New York, ó sì ya ìlú náà lóru. Ó ṣí ojú kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Oṣù Kejìlá ló yàn, nítorí pé ilẹ̀ ń tètè ṣú nígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì ní í pa iná ọ́fíìsì títí di aago márùn-ún. Ohun tó ya èmi lẹ́nu nínú ìtàn yìí ni ìgbẹ́kẹ̀lé tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 15! Ta ni yóò fi ọkàn tán iná Èkó tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, oòrùn kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó tó wọ̀. Ààrin nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ni ojú ọ̀run fi ń kúrò ní àwọ̀ aró fífẹ́lẹ́ tí àwọn ayafọ́tò ń wá kiri. Láàrin ìgbà yẹn, àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA, bí orúkọ náà tilẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ láti 2005, lè mú iná lọ. Nítorí náà, ìtò ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí nínú kálẹ́ńdà yẹn, àkọsílẹ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ amúnáwá tó tóbi ni. Ilé tí kò bá ní i yóò dúró bí ihò láàrin eyín. Ilé NECOM ní Màrínà, alájà 32 tí wọ́n kọ́ parí ní 1979, ní iná kan ní góńgó tí wọ́n ṣe kí ó máa júwe ọ̀nà èbúté fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Kí irú iná bẹ́ẹ̀ lè gún ojú ẹni tó wà lókèèrè ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Ayafọ́tò sì ń pè é ní àbùkù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an ni Mákòko. Ẹni tó bá ń gba orí Afárá Third Mainland kọjá, èyí tí wọ́n parí ní 1990, mọ àwọn ilé tó dúró lórí òpó nínú omi náà. Ní oṣù Keje 2012, ìjọba wó lára wọn. Lóru, àtùpà àti gílóòbù kéékèèké ni wọ́n ní. Bí ayafọ́tò bá fi ilé gogoro ṣe òṣùwọ̀n, Mákòko yóò di omi dúdú, bí ẹni pé kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Bí ó bá fi àtùpà Mákòko ṣe òṣùwọ̀n, ilé gogoro yóò yọ́ di ẹ̀ṣú funfun. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ẹ̀rọ ló bá òun yàn. Lónìí, àwọn kan ń ya fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kọ̀ǹpútà a sì pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan, àtùpà apẹja a wá mọ́lẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ilé epo rọ̀bì. Èyí ni mo kórìíra jù. Òkùnkùn tó kọ́kọ́ bo Mákòko, ó kéré tán, sọ fún wa pé iná kò débẹ̀. Ẹ fi wé iṣẹ́ Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n bí ní 1946, tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Èkó pẹ̀lú kámẹ́rà fún ọ̀pọ̀ ọdún: fọ́tò dúdú àti funfun, tí a yà láti ibi tí ojú ẹni tó ń rìn mọ, ènìyàn sì kún inú rẹ̀.

Ọ̀fàdà ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí ìrẹsì ti lórúkọ tí ilé gogoro kò sì sí. Síbẹ̀, a ń rí Èkó lóru. Bí ènìyàn bá kọjú sí gúúsù láti apá Mówè tàbí Ìbàfò, yóò rí i tí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run pọ́n bí ẹni pé wọ́n ń dáná lẹ́yìn igbó. Ìmọ́lẹ̀ Èkó ni, tó ta lu ìkùukùu àti eruku, tó sì padà sọ́dọ̀ wa. Nísàlẹ̀ rẹ̀, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, iná iwájú ọkọ̀ àwọn tó ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀ wálé ń fọ́ni lójú ní ìlà gígùn, iná pupa tẹ̀lé ara wọn lódìkejì. Àwọn ọ́fíìsì tó tàn nínú kálẹ́ńdà náà, àwọn wọ̀nyí wà lára àwọn tí ń gbá wọn, tí ń ṣọ́ wọn, tí ń kọ ìwé níbẹ̀. Bí ayafọ́tò kan bá fẹ́ ya Èkó lóru fún mi, kí ó wá ní ìgbà ọyẹ́, nígbà tí eruku bá sọ iná kọ̀ọ̀kan di òṣùpá. Kí ó dúró lẹ́bàá títì, kí ó kọjú sí gúúsù, kí ó sì fi iná ọkọ̀ wọ̀nyẹn sílẹ̀ bí wọ́n ti ń jó.