Ta Ló Ni Azeroth? Àyẹ̀wò Ìgbé-Ayé Àwùjọ Nínú Eré Orí Kọ̀ǹpútà World of Warcraft

Ìfáárà

Bí a bá gbà pé lítíréṣọ̀ jẹ́ jígí tí àwùjọ fi ń wo ara rẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí a ó pe iṣẹ́ àtinúdá tí ó jẹ́ jígí, tí ó sì tún jẹ́ àwùjọ fúnra rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni eré orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń ṣe pa pọ̀ lórí ayélujára. Ọ̀pọ̀ àgbà ka irú eré yìí sí ìfàkókò-ṣòfò ọmọdé. Èyí ni kò jẹ́ kí a máa fi ojú lámèyítọ́ wò ó.

World of Warcraft ni a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí. Ilé-iṣẹ́ Blizzard Entertainment, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Irvine ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ni ó gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2010, àwọn tí ń sanwó láti ṣe é ti tó mílíọ̀nù 12. Azeroth ni orúkọ ayé inú eré náà. Ọ̀wọ́ méjì, Alliance àti Horde, ni ó ń figa gbága níbẹ̀. Olúkúlùkù òṣèré ni yóò yan ẹ̀yà, iṣẹ́ àti orúkọ fún ẹ̀dá-ìtàn tirẹ̀: ó lè jẹ́ jagunjagun, ọdẹ tàbí àlùfáà.

Èrò wa ni pé kì í ṣe ìtàn tí ilé-iṣẹ́ kọ ni ó gbé eré yìí níyì bí kò ṣe ìgbé-ayé tí àwọn òṣèré ń gbé nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò tọ̀nà láti sọ pé ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó ni ín. Ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́ta ni a ó fi gbe èrò yìí lẹ́sẹ̀.

Ọgbọ́n Ìṣelámèyítọ́ Tí A Lò

Tíọ́rì ìfojú-ìbára-ẹni-gbé-pọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni a lò, pẹ̀lú èrò àwọn onímọ̀ tí wọ́n gbà pé òǹkàwé ni ó ń parí iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé bẹ̀rẹ̀. Èrò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó mọ lítíréṣọ̀ alohùn wa. Bí kò bá sí elégbè àti òǹwòran, onírárà kò lè dá ìran náà gbé ró. Ọ̀rọ̀ ayò ọlọ́pọ́n tún ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀ lọ: gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbẹ́ ọpọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀ta àti òpè ni wọ́n ni ayò.

Bí a bá wá ìtàn nìkan nínú World of Warcraft, eré náà kò dé góńgó. Wọn á rán òṣèré lọ pa ẹran ìgbẹ́ mẹ́wàá, yóò padà wá gba ẹ̀bùn, wọn á tún rán an lọ sí ibòmíràn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn ni ibi tí òṣèré ti pàdé òṣèré.

Àrùn Ọdún 2005

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005, Blizzard fi ibùdó ogun tuntun kan tí ó ń jẹ́ Zul'Gurub kún eré náà. Hakkar, òòṣà amùjẹ̀, ni ọ̀gá ibẹ̀. Ẹni tí ó bá dojú kọ ọ́ yóò kó àrùn kan tí wọ́n pè ní Corrupted Blood, àrùn náà yóò sì ran ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn. Inú ibùdó yẹn ni ó yẹ kí ó parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ inú eré náà ní ẹran ọ̀sìn tí ó ń bá wọn jagun. Àrùn ran ẹran, ọdẹ dá ẹran padà, nígbà tí ó sì tún pè é jáde láàárín ìlú, tẹranko tàrùn ni ó jọ jáde. Àwọn òǹtajà àti ẹ̀ṣọ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí kó àrùn náà láìkú, wọ́n sì ń ràn án kiri. Ní Ironforge àti Orgrimmar, egungun òkú kún ojú pópó.

Kò sí òǹkọ̀wé kankan tí ó kọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan dúró láti máa fi agbára ìwòsàn wọn tọ́jú aláìsàn. Àwọn mìíràn sá lọ sí ìgbèríko. Àwọn kan wá wòran, wọ́n kó àrùn, wọ́n sì gbé e lọ. Àwọn ìkà mọ̀ọ́mọ̀ gbé e wọ ibi tí kò tíì dé. Blizzard gbìyànjú láti ya àwọn tí ó kó o sọ́tọ̀, pàbó ni ó já sí. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí eré náà ní oṣù kẹwàá ni ó tó fi òpin sí i.

Ní ọdún 2007, Eric Lofgren àti Nina Fefferman kọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú The Lancet Infectious Diseases. Wọ́n ní irú ayé bẹ́ẹ̀ lè ran àwọn onímọ̀ lọ́wọ́ láti mọ bí ènìyàn ṣe ń hùwà nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Lóòótọ́, ikú inú eré kì í ṣe ikú, nítorí òkú ibẹ̀ a máa jí. Síbẹ̀, nígbà tí COVID-19 dé ní ọdún 2020, àwọn oríṣi ènìyàn tí a dárúkọ lókè yìí kò ṣàì hàn láàárín wa.

Ọ̀rọ̀ Orúkọ Ní Ọdún 2010

Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 2010, Blizzard kéde pé orúkọ gidi ni òṣèré yóò máa fi kọ̀wé ní gbàgede ìfọ̀rọ̀wérọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ dín èébú kù, ìṣòro náà kì í sì í ṣe kékeré. Ariwo ta. Àwọn obìnrin tí ọkùnrin ti ń yọ lẹ́nu wà lára àwọn tí ẹ̀rù bà jù. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kan fi orúkọ tirẹ̀ síta láti fi hàn pé kò léwu. Láìpẹ́ láìjìnnà, wọ́n ti hú ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ kẹta, Mike Morhaime, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ náà, kéde pé àwọn ti yí ìpinnu náà padà.

Yorùbá ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ó lè dà bí ẹni pé òwe yìí gbe Blizzard lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí òṣèré yàn ní Azeroth ti ní ìjánu tirẹ̀. Ẹni tí ó bá jí ìkógun tí ẹgbẹ́ jọ jà fún, orúkọ náà ni yóò bàjẹ́, ẹgbẹ́ mìíràn kò sì ní gbà á. Bí ará ilé tilẹ̀ mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ẹ̀kú, wọn kì í pè é lórúkọ láàárín agbo. Síbẹ̀, eégún tí ó bá ṣìwà hù, ìlú mọ bí a ti í bá a wí. Orúkọ ìdánimọ̀ ni ilé-iṣẹ́ ń wá, orúkọ rere sì ni àwùjọ fi ń tọ́ ara rẹ̀.

Nostalrius àti Ìpadàbọ̀ Eré Àtijọ́

Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni Blizzard ń yí eré náà padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ń sanwó kò rí ti àkọ́kọ́ ṣe mọ́. Níbi àpéjọ BlizzCon ti ọdún 2013, òṣèré kan béèrè bóyá wọn yóò dá a padà. J. Allen Brack fèsì pé wọ́n kàn rò pé àwọn fẹ́ ẹ ni. Ní ọdún 2015, àwọn olùyọ̀ǹda kan ní ilẹ̀ Faransé gbé eré àtijọ́ náà kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Nostalrius ni wọ́n pè é. Àwọn agbẹjọ́rò Blizzard kọ̀wé sí wọn, wọ́n sì tì í ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2016. Ó lé ní 200,000 ènìyàn tí ó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2017, Brack yìí kan náà ni ó kéde pé eré àtijọ́ ń padà bọ̀. Wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2019.

Òfin wà lẹ́yìn Blizzard. Àwọn Nostalrius kò gba àṣẹ. Ọ̀ràn yìí sì yàtọ̀ sí ti ọpọ́n ayò, nítorí yíyá ni òṣèré yá a, kò rà á. Ṣùgbọ́n òfin tí ó fún ẹnì kan láṣẹ láti mú iṣẹ́ tí mílíọ̀nù ènìyàn jọ parí kúrò nílẹ̀ pátápátá, tí kò sì fi ẹ̀dà kankan lélẹ̀, kò pé tó.

Kókó mìíràn wà níbẹ̀. Nígbà tí eré àtijọ́ padà dé, àwọn òṣèré rí i pé kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ náà kò yí padà, àwọn ọ̀tá náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn òṣèré ti mọ gbogbo ọ̀nà lámọ̀já. Eré tí wọ́n fi ìyanu ṣe ní ọdún 2004, ìkánjú ni ọ̀pọ̀ fi ṣe é ní ọdún 2019. Bí eré bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ nìkan, kí ni ó yí i padà?

Ìgúnlẹ̀

A ti fi hàn pé àwùjọ àwọn òṣèré ni ó fún World of Warcraft ní ẹ̀mí. Olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe irú eré yìí kò gbọdọ̀ dúró lórí ìbáwí nìkan. Kí ó ní kí ó kọ àròkọ lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣeré: ta ló ràn án lọ́wọ́, ta ló dà á, báwo ni wọ́n ṣe parí ìjà? Ibẹ̀ ni ìtàn gan-an wà. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́, ó yẹ kí òfin mú wọn fi ọ̀nà sílẹ̀ tí eré yóò fi wà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ kọ́, kò yẹ kí ọwọ́ kan dá a wó.