Ta Ló Mú Máíkì Dání?

Bí àgbàlagbà bá fẹ́ bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àjọṣe, òwe tí í kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òwe náà dára, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi: bí ìka kọ̀ọ̀kan bá ń jà pé òun ni kí ó kọ́kọ́ kan àyà ńkọ́?

Ohun tí mo bá pàdé nìyẹn nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan pè mí kí n wá wo àwọn fíìmù kúkúrú tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kò sì sí fíìmù tó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ti àkọ́kọ́ dá lórí ìyá alákàrà kan. Háà, àwòrán rẹ̀ dára! Ìdájí ni, epo ń hó, èéfín ń rú, iná ààrò ń tàn sí ìyá náà lójú. Àmọ́ nígbà tí ìyá la ẹnu, jẹnẹrétọ̀ la gbọ́. Ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn, ọ̀kadà la gbọ́. Nígbà tó parí, mo bi wọ́n pé, “Ta ló mú máíkì dání?” Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan ní, “Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀ ni, sà.” Mo tún bèèrè pé ta ni olùdarí. Ẹni mẹ́rin nawọ́ sókè!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú máíkì dání, ẹnikẹ́ni kì í rí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi wu èèyàn.

Àwàdà àtijọ́ kan ni ẹgbẹ́ kejì mú ṣe: bàbá kan tó jẹ owó ilé rán ọmọ rẹ̀ kí ó lọ sọ fún onílé pé òun kò sí nílé. Gbogbo wa la ti fi rẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù yìí, ìyá ọmọ ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ògiri. A kò rí i, ìró ìgbálẹ̀ nìkan là ń gbọ́. Bí bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní irọ́, ìgbálẹ̀ dákẹ́. Ó tán. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo bèèrè pé ta ló ro ìyẹn. Ọmọbìnrin tó gba ohùn sílẹ̀ ní, “Ọ̀rọ̀ gígùn kan wà tí ìyá yẹn máa sọ tẹ́lẹ̀, sà. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, torí ìgbálẹ̀ ti bá a sọ ọ́.” Olùdarí ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní inú bí òun, ọjọ́ méjì làwọn fi jiyàn. “Ìgbà tí mo dijú tí mo tún un gbọ́ ni mo gbà fún un.”

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹnì kan ṣoṣo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ dídùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nítorí pé etí ẹlòmíràn gbọ́ ju tirẹ̀ lọ, àfi nínú ẹgbẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù Yorùbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọlá Balógun, tó darí Àjàní Ògún ní 1976, Paris ló ti kọ́ iṣẹ́ fíìmù. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, tó ṣe olórí òṣèré, inú ẹgbẹ́ òṣèré alárìnjó ló ti wá. Ohun tí ọ̀kan mọ̀, èkejì kò mọ̀ ọ́n. Túndé Kèlání pàápàá, iṣẹ́ ayàwòrán ló ṣe nínú fíìmù àwọn ẹlòmíràn kó tó darí Ti Olúwa Nilẹ̀ ní 1993.

Ohun tó wá dùn mí nìyí. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn, olùdarí nìkan ni wọ́n pè jáde. Máàkì kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ gbà, títí kan ẹnì kan tó jẹ́ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló wá. Mo bi olùkọ́ wọn léèrè. Ó ní, “Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni, a ò lè pín in.”

Ẹ lè pín in o! Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: ẹni tó darí lónìí, kó mú máíkì lọ́la. Kí kálukú sì kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, àti ibi tí ẹlòmíràn ti yí i lọ́kàn padà. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan kọ ti fún ara rẹ̀ ní máàkì.

Nígbà tí orúkọ ń kọjá ní ìparí fíìmù náà, mo wá orúkọ ọmọbìnrin yẹn. Abẹ́ “àwọn olùrànlọ́wọ́” ni wọ́n kọ ọ́ sí. Bí wọ́n bá tún pè mí lọ́dún tó ń bọ̀, ìbéèrè kan náà ni n ó kọ́kọ́ bèèrè.