Iná Ò Mọ̀ Pé Èrò Pọ̀

Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ewì, ìtàn kúkúrú àti eré orí ìtàgé la máa ń ṣe lámèyítọ́ wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ gbà mí láàyè kí n fi ojú kan náà wo àwo ẹran kan àti ìgò ọtí kan. Mi ò ṣe àwàdà o. Ẹni tó sun ẹran ṣiṣẹ́, ó gbé iṣẹ́ ẹ̀ síwájú èrò, èrò sanwó, wọ́n sì fẹnu sí i. Ṣé ewì ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?

Alápẹ̀rẹ̀ ni mo ti jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Kétu lọ sí Ọ̀wọ́rọ̀ mọ ibẹ̀ dáadáa: títì márosẹ̀ tó ń kó èrò lọ sórí afárá Third Mainland wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ilé tó fara ti ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, òórùn ẹran sísun ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀ kó tó rí ẹni tó mọ̀. Bíà pálọ̀ kan nínú àdúgbò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Àga oníke kún ibẹ̀ dé ojú gọ́tà, tẹlifísọ̀n méjì ń fi bọ́ọ̀lù hàn, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, onísúyà sì dúró níwájú iná lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ mi. Dánfó ló ń wà. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé. Ọjọ́ tí mo parí ìdánwò ọdún kejì ló ní kí n wá, pé òun fẹ́ ṣe mí lálejò. Mi ò lè ka iye ìgbà tó ti lọ tó ti bọ̀ lójú títì kó tó rí owó tó ná lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ọtí ló kọ́kọ́ dé. Ó tutù, ó mọ́, kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ẹ̀. Wọn ò pọn ọtí níbẹ̀, inú kíréètì ló ti wá. Èkó ti mọ irú ọtí yìí tipẹ́: oṣù kẹfà ọdún 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ jáde ní ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries níbí, Guinness sì ṣí tiwọn ní Ìkẹjà ní 1962. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó ọkà báálì wọlé fún ọtí pípọn ní 1988, àwọn ilé iṣẹ́ ọtí yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo ilé. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí àwọn ìyá wa ti ń fi ọkà bàbà pọn ọ̀tíkà, wọ́n sì ń fi àgbàdo pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹ̀rọ dé. Wọ́n á rẹ ọkà sómi, wọ́n á jẹ́ kó hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ kó kan. Kò sí èyí tí ariwo lè mú yá nínú gbogbo ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ wọn, wọ́n ṣì ní láti dúró fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ìwúkàrà tó ṣiṣẹ́ tán. Ọtí tó wà níwájú wa dára torí pé àwọn kan ti bá wa dúró dè é.

Súyà ẹran màlúù ló tẹ̀ lé e. Mo yìn ín tọkàntọkàn. Onísúyà gé e pẹlẹbẹ, ó fi igi gún un, ó fi yájì pa á lára, kúlí-kúlí àti atalẹ̀ inú ẹ̀ ń ta sánsán, ó sì ta epo ẹ̀pà sí i níwọ̀nba. Nítorí pé ẹran náà fẹ́lẹ́, kíá ni iná wọ inú ẹ̀. Òkè Ọya ni súyà ti wá, àmọ́ Èkó ti gbà á bí ọmọ bíbí inú ẹ̀. Tòmátì àti àlùbọ́sà tí wọ́n gé sí i, ọjà Mile 12 tó wà ní Kóṣọ̀fẹ́ níbí ni irú ẹ̀ máa ń já sí. Ẹ rántí ìparí oṣù kejì ọdún 2021, tí àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù wá láti Àríwá dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan: kíá ni ẹran àti ata gbówó lórí mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń sọ pé súyà lásán ni, kò mọ iye èèyàn tó ti ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ọ̀dọ̀ adìẹ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ti wọ abala kejì, èrò ti lé ní ọgọ́ta, onísúyà kan ṣoṣo, ààrò kan ṣoṣo. "Mállàm, tèmi dà?" "Mállàm, ó ti tó wákàtí kan o!" Kí n má parọ́, èmi náà pariwo lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó yá, itan adìẹ méjì dé, wọ́n dú bí èédú lóde. Mo fọwọ́ ya tèmi: pupa ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun, omi ẹ̀jẹ̀ ń yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, kò jinná o. Ẹ jẹ́ n dá a padà."

"Dá kí ni padà? Ṣé o ò rí bí èrò ṣe pọ̀ ni? Gba tèmi, tèmi sàn díẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, rárá o…"

"Jẹun jàre. Ṣebí ìwọ lo ṣe ìdánwò."

Ó pààrọ̀ àwo wa. Ó jẹ tèmi, ó fi ọtí sìn ín, ó sì ń bá mi ṣàwàdà. Mo jẹ tiẹ̀, mo dákẹ́.

Nígbà tó di Sátidé, inú ń run ẹ̀gbọ́n mi, kò lè wa mọ́tò. Bákan náà ló rí ní Sọ́ńdè. Mi ò lè búra pé adìẹ yẹn ni, òun fúnra ẹ̀ ò sì dárúkọ adìẹ rárá. Àmọ́ owó tó gbọ́dọ̀ gbé fún ẹni tó ni ọkọ̀ ò mọ inú rírun.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo padà síbẹ̀ tìbínú-tìbínú. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu. Èèyàn mẹ́rin péré ló jókòó. Onísúyà to itan adìẹ sí ẹ̀gbẹ́ iná, kò gbé wọn sáàárín ibi tí ọwọ́ iná ti ń jó, ó sì ń yí wọn díẹ̀díẹ̀. Mo dúró fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Èyí tó gbé fún mi jinná dé eegun, awọ ẹ̀ gbẹ, ẹran inú ẹ̀ ṣì rọ̀. Ọkùnrin kan náà, ààrò kan náà, adìẹ kan náà!

Mo ní, "Mállàm, ẹ kú iṣẹ́. Èyí dára gan-an. Ṣùgbọ́n ti Fúráìdè ò jinná o, ẹ̀gbọ́n mi jẹ ẹ́."

Kò bá mi jiyàn. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, iná ò mọ̀ pé èrò pọ̀. Èmi ni mo mọ̀. Tí mo bá ní kẹ́ ẹ dúró, ẹ ó lọ bá ọ̀gá mi pé mò ń ṣọ̀lẹ."

Ìdájọ́ mi rèé. Ọwọ́ onísúyà yẹn dá ṣáṣá, mo fi ń yangàn. Ẹ̀bi àkọ́kọ́ wà lọ́rùn ẹni tó ni ilé ọtí náà: ó gba owó ọgọ́ta èèyàn, ó sì fi wọ́n síwájú ààrò kan. Kó fi ààrò kejì kún un, tàbí kó sọ fún èrò pé adìẹ ti tán lónìí. Ẹ̀bi kejì, tiwa ni. Gbogbo wa la gbà pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí loúnjẹ dára sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èrò kan náà tó jẹ́rìí sí adùn ẹran ló tún ń lé ẹni tó ń sun ún léré. A mu ọtí tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ pọn láìbínú sí ẹnikẹ́ni, torí a ò sí níbẹ̀. Onísúyà tó wà lójú wa, a ò lè fún un ní ogójì ìṣẹ́jú.

Àwa tá a ń kọ̀wé náà ńkọ́? Tó bá ku ọ̀la ká gbé ìwé ìròyìn yìí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, ṣebí àwa náà ló ń pariwo lé ara wa lórí pé "Ewì ẹ dà?" Ewì á dé, á dán lóde. A kì í yà á wò dé eegun, a ó kàn pàtẹ́wọ́ ni. Èmi náà ti ṣe irú ẹ̀ rí.

Ẹ lọ síbi ẹran sísun ní Alápẹ̀rẹ̀ o, mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí kí ilẹ̀ tó ṣú. Tí èrò bá pọ̀, ẹ ra súyà, ẹ fi adìẹ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra adìẹ, ẹ ya á wò. Tó bá pọ́n nínú, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kẹ́ ẹ sì jókòó dè é.

Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ báyìí. Mo fẹ́ mú ẹ̀gbọ́n mi padà lọ síbẹ̀, lọ́jọ́ Túsìdeè. Èmi ni màá sanwó. Tí adìẹ ò bá sì tíì jinná, a ó dúró.