Oríkì Akólòlò: Ọ̀rọ̀ Lórí Sekoni nínú The Interpreters

Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ọjà'ba ni mo ti ka ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí. Láti ibi tí mo jókòó sí, mo ń wo àwọn òpó ńláńlá Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Mo ti gba oyè yunifásítì. Iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù sì ni kí n máa wọn aṣọ, kí n máa kọ iye owó sílẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, mo ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́.

Ìwé náà ni The Interpreters, tí Wọlé Ṣóyínká kọ, tí ó jáde ní ọdún 1965. Ó di ọdún mẹ́wàá nígbà náà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọdún márùn-ún tí a ti gba òmìnira. Ìwé kíkà ni gbogbo ayé ń lé kiri.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí jù nínú ìwé náà ni Sekoni. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní òkè òkun. Bí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé e bọ̀ wálé, afárá àti odò tí a sé láti fi mú iná mànàmáná wá ni ó ń rí lójú inú. Ó délé tán, wọ́n fún un ní àga àti tábìlì, ó wá ń buwọ́ lu ìwé owó kẹ̀kẹ́ àti ìwé ìsinmi. Nígbà tí ó yarí, wọ́n lé e lọ sí ìletò Ijioha. Ó kọ́ ilé iná kékeré kan síbẹ̀. Òyìnbó kan wá wò ó, ó ní pàǹtí ni. Wọn kò jẹ́ kí Sekoni dán an wò, orí rẹ̀ sì dàrú.

Òǹkàwé lè sọ pé ìwà ìbàjẹ́ àwọn ọ̀gá ni ó ba ayé rẹ̀ jẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò fi wá iṣẹ́ mìíràn? Sagoe, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wáṣẹ́ nínú ìwé kan náà: ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n béèrè rìbá, ó sì ríṣẹ́ náà níkẹyìn.

Ẹnu Sekoni ni mo ti rí ìdáhùn: akólòlò ni. Oríkì ara ẹni sì ni lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ẹni tí ó ń kọ ọ́ ń ki ara rẹ̀ fún àjèjì: mo mọ èyí, mo mọ tọ̀hún, kò sí irú mi. Nígbà tí mo kọ ti àkọ́kọ́, àpótí tí mo ń jókòó lé ní Ọjà'ba ṣì gbà mí. Nígbà tí mo kọ ìkejìlá, ó ti di àpótí ọmọdé. Ọ̀pá tí mo fi ń wọn aṣọ kò kúrú sí i. Orí mi ni oríkì ti wú. A máa ń rò pé ẹni tí ó ga ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni í wá òmíràn. Wíwá náà a máa gbé ni ga pẹ̀lú. Sekoni kò lè ki ara rẹ̀. Ìmọ̀ há a lọ́fun títí ó fi gbẹ́ ère oníjàkadì, tí igi bá a sọ ọ́. Níbí ni mo ti gbóṣùbà fún òǹkọ̀wé.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́ tí ó tọrọ owó kẹ̀kẹ́. Lójú Sekoni, ẹ̀gàn ni ìbuwọ́lù náà. Lójú ẹni yẹn, bí kò bá rí i, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn. Ìwé náà mú wa mọ bí iṣẹ́ ṣe kéré sí ẹni tí ó ń ṣe é, kò mú wa mọ bí ó ṣe tóbi tó fún ẹni tí a ń ṣe é fún.

Èmi kò ní fi lẹ́tà kíkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò mọ ìwé kà, aṣọ tí mo ń wọ̀n yìí náà ni wọ́n sì fi rán mi ní yunifásítì.